Bébà Mi Di Ààlè

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 1984

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí. Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí mo ti so bébà funfun mọ́ àwọn ọ̀pẹ nígbó Ayépé, kí n lè mọ ohun tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ló bò wọ́n. Mo ti rò pé eruku ọyẹ́ ni.

Àfi bí bàbá adẹ́mu ṣe dá mi dúró: “Tíṣà, kí ni mo ṣe tẹ́ ẹ fi pààlè sí ọ̀pẹ mi? Mi ò lè gùn ún mọ́. Òdòdó tí mo fẹ́ dá ẹmu lára rẹ̀ ti là, ó ń gbọn ìyẹ̀fun sílẹ̀!”

Mo bẹ̀ wọ́n, mo tú gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sínú ìròyìn ìwádìí mi pé bébà tí mo fi ń wá ìyẹ̀fun ló bí ìyẹ̀fun?