Yèyé Mi, Òkìtì Òkúta Yín Ti Tán Nílẹ̀

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kì í fẹ́ kí n máa yí ọ̀rọ̀ po, nítorí náà kí n tètè sọ ọ́: òkìtì òkúta yín kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mọ́. A ti kó o tán. Ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n rò ó débi tó dé.

Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti lọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹyọ òkúta kan níbẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tán, màá bu eérú nínú ààrò, màá fi fa ìlà yí òkìtì náà ká bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí olè tó bá fọwọ́ kàn án má lè sẹ́. Àwọn tó fẹ́ rà á wá títí ó fi sú wọn. Láràárọ̀ ni mo máa ń jókòó sórí àpótí yín níbẹ̀ kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Ẹ rántí rọ́bà kẹ̀kẹ́ tí ẹ máa ń wé mọ́ ìka òsì kí òòlù má baà fọ́ ọ? Ó ṣì wà lábẹ́ àpótí. Ó ṣì ká roboto bí ìka yín.

Afárá odò ọ̀nà oko la fẹ́ ṣe. Ilé wa náà ni ilé ìkẹyìn kó tó kan odò, ẹ mọ bó ṣe máa ń kún. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ iléèwé tó ń ti abúlé bọ̀ há sí òdìkejì títí di ìrọ̀lẹ́, ebi ń pa wọ́n. A ti bẹ ìjọba títí ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá ní ká fọwọ́ ara wa ṣe é, wọ́n sì fi mí ṣe olórí. Èmi obìnrin! Mo sáré wá sọ fún yín níbi sàréè lọ́jọ́ náà, bóyá ẹ gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì bá wa ra sìmẹ́ǹtì, àwọn àgbẹ̀ gbé pákó wá, gbogbo Sátidé la fi ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí a fẹ́ da kọnkéré ni nǹkan dàrú. Típà tó ń kó òkúta bọ̀ láti ọ̀nà Ìṣẹ́ bàjẹ́ sọ́nà. A ti po yanrìn pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, a ti to irin, òjò sì ń ṣú bọ̀. Gbogbo ojú bá yí sí òkìtì yín. Wọn ò tíì la ẹnu tí mo fi pariwo pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkúta ìyá mi, èmi àti ẹ̀ ni. Ìyá Táíwò wà níbẹ̀, ẹnìkejì yín tí ẹ jọ ń kojú síra yín fọ́ òkúta láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó gbé omi mímu wá fún wa. Ó wo òkìtì náà, ó wò mí, ó sì ń bu omi fún wọn lọ. Mo ní kí wọ́n lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ etí odò. Amọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, a ò sì fọ̀ ọ́ tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, mo bá ní kí wọ́n dà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé sìmẹ́ǹtì kì í di òkúta ẹlẹ́rẹ̀ mú. Mo mọ̀ ọ́n, Yèyé. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é.

Kò pé oṣù méjì. Ìyá Táíwò ń ti oko bọ̀, ó ru iṣu, àárín afárá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, iṣu ń bá omi lọ. Orúkọ yín ló ń pè, kì í ṣe ti Táíwò.

Àwọn ọ̀dọ́ ní sìmẹ́ǹtì náà ni kò dára. Wọ́n lọ já ilẹ̀kùn ọkùnrin tó tà á, wọ́n gbá a létí lójú ìyàwó rẹ̀. Èmi olórí wọn káwọ́ lẹ́yìn, mo dákẹ́. Kí ni ẹ̀ bá ṣe fún mi ká ní ẹ rí mi lọ́jọ́ náà? Wọ́n ní àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi kò tilẹ̀ tètè dé, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo tó lọ bá Ìyá Táíwò nílé ẹni tó ń to egungun. Wọ́n fi igi há ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo ń retí èpè. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí a ti ń ṣa òkúta ẹlẹ́rẹ̀ yẹn. Ó ní bí òun bá ní ká kó òkìtì náà, n óò rò pé òun ń wá tòun ni, nítorí ìdajì rẹ̀, tòun ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fọ́ ọ. Kò béèrè rí, torí ó ń rí mi lórí àpótí yẹn láràárọ̀, àánú mi sì ń ṣe é. Ó ń lọ ṣe iṣẹ́ àgbàṣe lóko olóko, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ara rẹ̀, ó sì ń kí mi pé ẹ kú owúrọ̀, tíṣà.

Yèyé, ta ni mo ń fi eérú ṣọ́ ọ fún? Èmi gan-an ni olè náà. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi kí ẹ tó lọ? Àbí èmi ló yẹ kí n mọ̀, èmi tí mo ń gbọ́ òòlù méjì láti kékeré?

Mo sọ òótọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Sátidé. Ẹnìkan tutọ́ sílẹ̀. A lọ bẹ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù tó ta sìmẹ́ǹtì, ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ìyá Táíwò ní ká kó òkúta náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn ṣe olórí, mo ń ru kọnkéré bí àwọn yòókù. Afárá náà le báyìí, àwọn ọmọ iléèwé ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ìyá Táíwò kò lè kọjá. Egungun náà kò tò dáadáa, igi ló fi ń rìn, oko ti tán fún un. Èmi ló ń pọnmi fún un. Ó máa ń ní kí n wọ ulé wá jẹun, bí ẹ ṣe máa ń wí gẹ́lẹ́, n kì í lè jẹ ẹ́.

Lánàá, òjò rọ̀. Bó ti dá, mo ti bu eérú sínú abọ́, mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ilé kí n tó rántí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo, koríko kan kò tíì hù. Kòtò kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níbi tí àpótí yín máa ń wà, èkejì ní ọ̀kánkán rẹ̀, níbi tí Ìyá Táíwò máa ń jókòó. Bákan náà ni wọ́n jìn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀, n kò wo òdìkejì rí.

Ẹ sùn re, Yèyé mi.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ̀yin méjèèjì fi òkúta fífọ́ tọ́.