Omi Ti Pọ̀ Jù fún Òdòdó Ẹlẹ́gùn-ún Mọ́mì

Àbúrò, jọ̀ọ́, má bomi rin òdòdó ẹlẹ́gùn-ún Mọ́mì mọ́. Òdòdó aṣálẹ̀ ni; omi àbùjù ti jẹ́ kí ìdí rẹ̀ rà. Mo gé orí rẹ̀ tó ṣì le, mo tẹ́ ẹ sórí bébà lẹ́bàá fèrèsé. Jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin kó o tó gbìn ín sínú yanrìn.

Má bínú pé mo pè ọ́ ní alápatà òdòdó láàárọ̀. Bó o ṣe fìbínú jáde, tó o gbàgbé fóònù rẹ, ni dókítà Mọ́mì pè láti ọsibítù: “Ẹ tètè máa bọ̀.” Ó ní Mọ́mì ò lajú láti àná. Wá bá mi níbẹ̀.

Mo já ìtànná pupa orí òdòdó náà dání. Bí Mọ́mì bá lajú, màá sọ fún wọn pé ìwọ lo tọ́jú rẹ̀.