Dísíìkì Tuntun Tí Mo Ní Kí Délé Fi Sí I

Màmá mi àtàtà,

Ilẹ̀ á dẹ̀ fún yín, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná. Délé àbúrò mi wá sílé mi l'Ádjamé lọ́sàn-án òní. Láti ìgbà tí mo ti sin yín l'Éjìgbò tí mo padà dé, kò tíì wá kí mi rí. Iṣẹ́ ló gbé e wá.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé oúnjẹ wá fún mi níbi iṣẹ́ ní èbúté Vridi? Ẹ bá mi nídìí kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ẹrù tó ń ti ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Dísíìkì márùn-ún ló wà lára rẹ̀. Iná ọ̀kan pọ́n, ó ti bàjẹ́. Mo fà á yọ, mo ti tuntun bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà ò sì dákẹ́. Ẹ di orí mú, àfi bí ẹni pé mo yọ eyín ẹni tó ń jẹran lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún yín pé àwọn mẹ́rin yòókù ni yóò kọ́ tuntun ní ohun tí èyí tó kú mọ̀.

Ọjọ́ yẹn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n kọ́ Délé níṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Láti kékeré, ìrù ẹja ni tèmi, àárín ni tiẹ̀. Mo kọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ lọ, èmi àkọ́bí ni mo gbé yín relé. Òun dúró ti iṣẹ́. Ó dúró tì í lóòótọ́, nítorí orí àga mi ni mo bá a nígbà tí mo dé, pátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, sì fún mi ní ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́. Délé ò lè wo ojú mi.

Lónìí, iná dísíìkì ìkejì pọ́n, Délé wá ṣèèṣì fa ìkẹta yọ. Ẹ̀rọ náà lè fara da àìsí ọ̀kan, kò lè fara da ti méjì. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Délé ò sì tíì ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kankan pa mọ́ látìgbà tí mo ti kúrò. Ohun tí yóò ṣe ò ju kó dá ìkẹta padà sí àyè rẹ̀, kó má fọwọ́ kan nǹkan míì títí ẹ̀rọ á fi jí. Ìyẹn nìkan ni n kò kọ́ ọ.

Mo ní kó ti tuntun bọ àyè méjèèjì, kó sì máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá bi í. Gbogbo àkọsílẹ̀ á pa rẹ́ ni.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, Màmá. Ó pè mí ní vieux père, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n àgbà níbí, ó sáré lọ wọ ọkọ̀ gbàkà padà síbi iṣẹ́.

Tẹlifóònù wà ní kàbíìnì ìsàlẹ̀ ilé wa. Mo mọ nọ́ńbà tẹlifóònù orí tábìlì Délé níbi iṣẹ́ lórí, tèmi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, kò tíì lè dé Vridi. Ṣé ẹ̀yin ẹ fẹ́ kí n lọ pè é, kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà? Àbí ẹ ti ń bẹ̀ mí nítorí rẹ̀ níbẹ̀ náà?

Ó ti dé báyìí. N kò dìde.

Mo fẹ́ràn yín, Màmá. Èmi ni, àkọ́bí yín, tó gbé yín délé.