Irun Ìbílọlá

Màmá mi, Làtíífàt nìyí láti Kánádà. Ẹ kú iṣẹ́ irun o. Ẹ má bínú pé ohùn ni mo fi ránṣẹ́, ìwé kíkọ ló sú mi.

Ara mi le. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ló kàn máa ń kú, bí ẹni pé mo sùn lé wọn. Lánàá, n ò mọ ìgbà tí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Dókítà ní kọ̀ǹpútà tí mò ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló fà á, pé kí n máa dìde lóòrèkóòrè, kí n máa na ọwọ́. Ẹ̀rín pa mí. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pariwo mọ́ àwa ọmọṣẹ́ yín ní Igbó-Ọrà? “Dìde, na ọwọ́ ẹ, orí oníbàárà ò ní sá lọ!” Mo rò pé ọ̀lẹ lẹ fẹ́ sọ wá dà.

Ẹ bèèrè ìdí tí mo fi gé irun Ìbílọlá ọmọ mi, tí mo máa ń fọwọ́ ara mi dì, ẹ ní ọmọ-ọmọ onídìrí kì í gé irun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbí, Màmá. Ó sì yẹ ẹ́.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọṣẹ́. Òòyà mi tí mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú dìgbà tí mo bá dé, ẹ fún èyí tọ́wọ́ ẹ̀ yá jù nínú wọn.