Ìwé Ọ̀sẹ̀ Omi Tí Mi Ò Tẹ̀ka Sí

Agó-Àró, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àláásárì.

Ganiyat Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó ìrọ̀rùn, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Àwa níbí ń jẹ, a ń mu, a sì ń sùn díẹ̀díẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba. Báwo ni Ajégúnlẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ tí o bá nu ilẹ̀ ọ́fíìsì yẹn tán ní Warehouse Road ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Mo ní ẹni tó ti pé ọgbọ̀n ọdún kì í gbàgbé ọ̀nà ẹnu ara rẹ̀, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti kọ ọ́. Oṣù mẹ́fà ti pé báyìí tí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé Hussein ọkọ rẹ lọ síbi iṣẹ́ wẹ́dà ní Snake Island ti dojú dé, ṣùgbọ́n lọ́kàn tèmi, bí àná ni. Ọlọ́run yóò fi alujánnà kẹ́ ẹ, kò sì ní jẹ́ kí a tún gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láéláé.

Nílé níbí, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, akọ ni méjèèjì. Òrùlé ẹ̀yìn ilé ṣì ń jò síbi tó ń jò sí tẹ́lẹ̀, kò tíì ṣí lọ síbòmíràn, ìyá rẹ kàn ń gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀ ni. Owó oṣù tó kọjá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ìkóríta pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré rẹ̀, ó sì kà á fún mi láìkùnsínú. Mo gbé iṣu méjì lọ fún un lọ́jọ́ kejì, torí kò rọrùn kí ènìyàn tí kò mọ̀ wá rí máa yọ owó àpò ara rẹ̀ fún wa lóṣooṣù, kó sì máa dúró dè ọ́ kí o san án padà. Ó gba iṣu náà, ó rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ gidi ni, jọ̀ọ́, máa san owó rẹ̀ fún un lásìkò.

Ní ti ìwé tí o fi rán Ṣínà awakọ̀, èyí tó ń kó gàrí lọ sí Ìjọ́rà Badia, ó tẹ̀ wá lọ́wọ́, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló pé. Bá mi kí Ejiro aládùúgbò rẹ tó fún ọ ní ìwé náà. O ní òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì ní kí a máa fi ṣeré kọ́ Ruqoyah ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa nílé kó tó wọ iléèwé ní Èkó. Èdè òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, Tíṣà Ṣayọ̀ tó ń kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ló jókòó tì mí, ó ń túmọ̀, èmi ń kọ ọ́ ní Yorùbá sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní orí tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Àwọ̀ ló ṣáájú, Ọ̀sẹ̀ Ẹranko tẹ̀ lé e, Ọ̀sẹ̀ Omi ló ṣìkẹta, Ọ̀sẹ̀ Ẹbí Mi ló gbẹ̀yìn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá tàbí ìyá ọmọ ni kó bá a ṣe é. Mo ní ṣé kò ní di ẹjọ́ báyìí, tí wọ́n bá gbọ́ pé bàbá ìyá rẹ̀ ló ṣe é. Mo bẹ Tíṣà kó bá mi kọ ìwé àṣẹ sí ìjọba, ó ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá yẹ̀ mí wò. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ ìka sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀wé kọ, torí ẹnikẹ́ni ló lè kọ Yẹ̀kínì, ṣùgbọ́n ìka mi, èmi nìkan ni mo ni ín.

Ọ̀sẹ̀ Àwọ̀ lọ dáadáa. Wọ́n ní kí ọmọ wá ohun pupa mẹ́ta káàkiri ilé. Ìyá rẹ ní epo ni pupa, èmi ní ata ni, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ariwo, Ruqoyah wò wá, ó ní méjèèjì ni, kí a má jà. Ìwé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni kí a máa fi ṣe é lójúmọ́. Èmi kò ní aago, rédíò ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, àwa náà bẹ̀rẹ̀, tó bá ti parí, mo gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà kó wà láàárín ẹ̀rín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a rú òfin.

Wọ́n tún ní kí a máa ya fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Mo gbé fóònù mi sí i lójú, mo tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo ní kó má ṣẹ́jú, mo tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọjọ́ méje. Mo wá ń bínú sí ọ nínú pé o kò tilẹ̀ sọ pé o rí ọmọ rẹ nínú aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn. Tíṣà ló là mí lójú pé fóònù tèmi ní iná, kò ní ojú. Nítorí náà, dárí jì mí, mo ti dárí jì ọ́.

Ọ̀sẹ̀ Ẹranko, wọ́n ní kí òbí máa ké bí ẹranko, kí ọmọ máa sọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ni ládánì mọ́sálásí wa. Mo lọ sẹ́yìn ilé kí ojú má baà tì mí, mo ké bí ewúrẹ́, ewúrẹ́ dúdú dá mi lóhùn láti inú ọgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ náà gbà á, ni àwọn tó ń bọ̀ láti ìdí ìrun bá yọjú. Ruqoyah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí o ti mú un dé, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Tí wọ́n bá ní kí n máa ké bí ewúrẹ́ dípò ìpe ìrun, mo máa ṣe é.

Nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya orí mẹ́ta síbẹ̀, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnu ọ̀kan nà gbọọrọ, ẹnu ìkẹta tẹ̀ sísàlẹ̀. Mo rò pé ọmọ kíláàsì Ejiro ni wọ́n, mo sì ń ṣàánú wọn pé kò sí etí, kò sí irun. Tíṣà ní rárá, ó ní ká sàmì sí ojú tó bá jọ ti ọmọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ Àwọ̀, mo tẹ ìka sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ Ẹranko, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀sẹ̀ Omi wá dé. Nígbà tí Tíṣà ka orí rẹ̀ fún mi, mo ká ìwé náà, mo fi sábẹ́ ẹní. Ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Èmi ni mo ní ká fò ó, ìyá rẹ ní omi bàsíà ni, kì í ṣe omi òkun. Èmi náà sì ń bẹ̀rù pé tí ojú ewé kan bá ṣófo, wọn kò ní gbà á sí iléèwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pọn omi sínú bàsíà, mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní kí ọmọ kó oríṣiríṣi nǹkan, kó kọ́kọ́ sọ bóyá yóò rì tàbí yóò léfòó, kó tó jù ú sínú omi. Ó kó ewé, ó kó òkúta, ó mú ṣíbí ìyá rẹ, ó mú ṣùkù àgbàdo àti igbá kékeré kan. Gbogbo ohun tó ní yóò rì ló rì, gbogbo ohun tó ní yóò léfòó ló léfòó. Inú mi ti ń dùn, mo ń sọ lọ́kàn pé ọmọ yìí gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ló bá bi mí pé ènìyàn ńkọ́. Mo ní ìwé kò kọ ènìyàn síbẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ igbá náà wọnú omi, igbá yọ padà, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yọ. Ó wá sọ, láìwojú mi, pé bàbá òun kò yọ padà.

Ganiyat, mo rántí gbogbo ohun tí o pa láṣẹ fún wa pé kí a máa sọ, pé Hussein rìnrìn àjò, pé iṣẹ́ ló dá a dúró, mo sì ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ọmọ yìí ní òun mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ gbé òun lọ sùn ní yàrá Ejiro, òun kò sùn, òun kàn di ojú ni, òun gbọ́ àwọn obìnrin lójú fèrèsé tí wọ́n ń sọ pé ọkọ̀ ti rì, Hussein náà sì bá a lọ. Ó wá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fi ẹnu sí mi létí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún Mọ́mì òun. Ó ní Mọ́mì òun kò mọ̀, ó rò pé Dádì rìnrìn àjò ni, ó sì máa ń sọ ọ́ fún òun lórí fóònù ní gbogbo ìgbà. Ó ní tó bá mọ̀, yóò sunkún, kò sì sí ẹni tó máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lọ́hùn-ún.

Ọmọ ọdún mẹ́rin. Oṣù mẹ́fà ni gbogbo wa fi ń parọ́ fún un kó má baà sunkún, òun náà ń dáàbò bo irọ́ náà kí ìwọ má baà sunkún. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Mi ò mọ̀ pé ìdí bàsíà tèmi ni yóò ti bá a.

Mi ò parọ́ mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ rì, wọ́n rí i lọ́jọ́ kẹta, èmi fúnra mi sì wà níbẹ̀ nígbà tí a kírun sí i lára. Ó bi mí bóyá aṣọ rẹ̀ tutù nígbà tí a gbé e sínú ilẹ̀. Mo ní rárá o, aṣọ funfun ni, ó gbẹ dáadáa. Ó mi orí. Ó yọ òkúta àti ṣíbí kúrò nínú bàsíà, ó ní kí a lọ da omi náà sídìí ata. Ìròyìn orí rédíò ti parí tipẹ́, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá gbé ìwé náà lé orúnkún láti sàmì sí ojú tó jọ tirẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sunkún. Ojú tí mo rí lára ọmọ náà kò sí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò tẹ ìka sí i. Mo fi ìwé náà sínú àpòòwé yìí bó ṣe wà.

Mo mọ̀ pé o ní tí ìwé bá parí ni wàá tó wá mú Ruqoyah. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń dá ọ dúró. Ojú ọmọ ni ò ń sá fún, ò ń bẹ̀rù ohun tó máa bi ọ́. Kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan, Ganiyat. Ó ti mọ ìdáhùn ṣáájú kí o tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo fẹ́ tọrọ owó òrùlé lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, àti owó bátìrì rédíò, àti ti àwọ̀ tí ọmọ fi ń yàwòrán. Kí gbogbo ìyẹn dúró. Ìkòkò ṣì wà lábẹ́ ibi tó ń jò. Èyíkéyìí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, má fún obìnrin abẹ́ agboòrùn, fi wọ ọkọ̀, kí o sì mú ìwé náà bọ̀. Ọ̀sẹ̀ Ẹbí Mi ló kù, mi ò tíì ṣí i. Tíṣà ní kí ọmọ ya gbogbo ará ilé rẹ̀ ni, kí òbí jókòó tì í, kí ó máa sọ fún un ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Mo lè ké bí ewúrẹ́ dípò rẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn, mi ò lè ṣe é dípò rẹ.

Mo ṣèlérí fún Ruqoyah pé mi ò ní sọ fún ọ, mo sì ti sọ. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Tí o bá dé, má jẹ́ kó mọ̀. Pọn omi sínú bàsíà, gbé e sábẹ́ máńgòrò, jókòó tì í, kí o jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ. Tó bá sọ ọ́ tán, má ṣe ọkàn akin níwájú rẹ̀. Sunkún, kí ọmọ náà rí i pé òun lè rẹ̀ ọ́ lẹ́kún.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ rọ̀ dé ilé, yóò ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀, yóò ṣọ́ ọ lórí omi, kò ní jẹ́ kí Ruqoyah tún fi nǹkan kan pa mọ́ nítorí ẹkún rẹ. Ìyá rẹ ní kí n tún bi ọ́ bóyá ò ń jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì, ládánì Agó-Àró. Ìka mi nìyí nísàlẹ̀, kí o lè mọ̀ pé èmi ni.