Atẹ́gùn Tí Wọ́n Fẹ́ Sí Mi Lójú

Sọ̀fíyátù ọmọ mi,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ kejì Iléyá tó kọjá, nínú ilé wa ní Mówè níbí. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Hameedah, aránṣọ tó gba yàrá iwájú, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó ní ta ló ń fi òkú bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo ní bàbá Sọ̀fíyátù ni, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ara yín.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ni. Nígbà tí ìyá rẹ mú mi lọ sí ọsibítù, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà sì fẹ́ atẹ́gùn pọ̀ọ́ sí mi lójú. Kò pẹ́, dókítà ní ìfúnpá, ìyẹn pírẹ́ṣọ̀, ti pọ̀ jù nínú ojú mi. Èmi tí mo ti ń ṣe fọkanáísà láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn ìyá rẹ! Ta ló fẹ́ atẹ́gùn sí i? Mo ní kí wọ́n yọ èyí tí wọ́n fẹ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ó ní òun ló máa fà á wálẹ̀, kí n máa kán an lálaalẹ́ títí ayé. Táyà wo ni wọ́n ń yọ atẹ́gùn rẹ̀ lálaalẹ́ tí kò ní rọ̀ pẹlẹbẹ?

Ìyá rẹ ò dá mi lóhùn. Á di orí mi mú sórí itan rẹ̀, á ní kí n lajú, kí n yé ṣe bí ọmọ ọwọ́, á kán an, ìkorò rẹ̀ á sì sọ̀ sí mi lọ́fun. Látìgbà tó ti kú, mi ò kán an mọ́. Ojú ò dùn mí, mo ní atẹ́gùn ti wà níwọ̀n.

Lánàá ni mo ń lọ sẹ́yìn ilé, mo kọsẹ̀ lára sàréè ìyá rẹ, mo ṣubú lé e. Sàréè tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n kùn ní funfun! Ọ̀sán gangan ni, mi ò rí i. Iwájú ni mo ń rí, ẹ̀gbẹ́ ti lọ, bí ẹni ń yọjú láti inú páìpù. Hameedah pe nọ́ọ̀sì ọsibítù náà lórí fóònù, nọ́ọ̀sì ní èyí tó ti lọ ò ní padà, èyí tó kù ni oògùn ń bá mi ṣọ́. Mo gbìyànjú láti kán an, irùngbọ̀n ló dà sí. Nọ́ọ̀sì tún ní oògùn náà ti pẹ́ jù ní ṣíṣí, kí n dà á nù.

Sọ̀fíyátù, ra tuntun bọ̀, kí o mú owó ọkọ̀ ọsibítù lọ́wọ́. Tí wọ́n bá tún fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn, kí wọ́n fẹ́ ẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ. Ìwọ ni àkọ́bí, ojú yìí ti di tìrẹ. Bí o bá dé tí mo ń pariwo pé o ti fẹ́ yọ atẹ́gùn ojú mi tán, má dá mi lóhùn, di orí mi mú.

Èmi bàbá rẹ,
Láwàlì