Ayùn oníbátìrì Sàláù

Ọjọ́ Àìkú, Manigri

Wọ́n yí Sàláù ká lónìí bí ẹni tó gbé ìyàwó wálé. Ayùn oníbátìrì tó rà ní Bassila ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀, tí a bá ń ṣe àáró, àdá mi ni wọ́n máa ń yìn!

Ó da epo tó ń mú ṣéènì yọ̀ sí i, ó fi ìka tẹ bọ́tìnì, ẹ̀ka kajú já bọ́. Ṣéènì rẹ̀ bá dẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, mo kígbe: "Yọ bátìrì ná!"

Ó yọ ọ́, ó fún ṣéènì le. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Oko yín la ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Mo ní àdá mi tó mi.

Mo wá ń pọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń fi ìka tẹ̀ lára èkù àdá.